Àkọsílẹ̀ Kì í Ṣe Ọjà: Bí A Ṣe Ń Kó Fídíò Láti Inú Kámẹ́rà Sínú Kọ̀ǹpútà Láìpàdánù

Ojú ewé okòwò wa ti ọ̀tẹ̀ yìí kò dá lórí owó ìfowópamọ́ tàbí owó orí. Ọ̀rọ̀ fídíò ni mo gbé wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan akáǹtáǹtì nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, kó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún 2014, nígbà tí a ṣì ń gbé ní Al-Ruwais níhìn-ín ní Jeddah, a ṣe súná ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ìyá wa tó wá ṣe Úmúrà láti ilé wà pẹ̀lú wa. Wọ́n gbé ọmọ jòjòló náà lé Ìyá lẹ́sẹ̀, ni Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé wa, láti orí baba tó tẹ ilé wa dó títí kan ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ gan-an kò mọ oríkì náà tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàrin wa ló ń ya fídíò lọ́jọ́ náà. Ó mọ iṣẹ́. Nígbà tó dé ilé lálẹ́, ó ki káàdì kámẹ́rà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí sọ́fítíwíà tó fi ń gé fídíò, ó tẹ “Import”. Gbogbo àwòrán tò sójú kọ̀ǹpútà, ó rí Ìyá, ó gbọ́ ohùn wọn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é sí òde ìgbéyàwó. Ó pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì rẹ́, ó ya òde tuntun lé e lórí. Nígbà tó wá padà sídìí iṣẹ́ tiwa, pátákó pupa ló bá níbi tí Ìyá wà: “Media Offline”. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kọ̀ǹpútà wá fídíò náà tì.

Ìyá padà sílé ní tiwọn. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n jáde láyé. Oríkì yẹn bá wọn lọ.

N kò sọ ìtàn yìí láti fi ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà, wọ́n sì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò. Ohun tó wà láàrin méjèèjì ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ti ń fi iṣẹ́ yìí wá owó kún owó, tí àwa òbí náà sì ń fi fóònù ya fídíò òde, mo rí i pé ó yẹ kí a là á yéra wa.

1. KÍ NI “IMPORT” Ń ṢE GAN-AN?

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi yé wa ní yunifásítì nípa ìṣirò owó ni pé àkọsílẹ̀ kì í ṣe ọjà. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àpò ìrẹsì 50 wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹyọ ìrẹsì kan nínú ìwé náà. Bí olè bá kó àpò ìrẹsì lọ lóru, àkọsílẹ̀ mi á ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú 50 tí mo kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò se ìwé jẹ?

Bí “Import” ṣe rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí a fi ń gé fídíò, bíi Adobe Premiere Pro àti DaVinci Resolve. Bí a kò bá dìídì yàn án pé kó da fáìlì kọ, kì í gbé fídíò wọ inú ara rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí fídíò wà ló ń kọ sílẹ̀. Bí fídíò bá wà lórí káàdì, àdírẹ́ẹ̀sì káàdì ni yóò kọ. Bí ẹ bá yọ káàdì tàbí tí ẹ pa á rẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì wà, onílé ti lọ. Final Cut Pro ti Apple ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn yàn bóyá kó da fáìlì tó wà lórí dísíìkì kọ sínú àpò tirẹ̀ tàbí kó fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ìbéèrè náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Fídíò òde wákàtí mẹ́ta lè gba àyè tó ju 100 gígábáìtì lọ, ṣùgbọ́n fáìlì iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà fi pa mọ́ sábà máa ń jẹ́ mẹ́gábáìtì díẹ̀. Ibo ni fídíò ìyókù wà? Ó wà níbi tí ẹ fi í sí. Bí ẹ kò bá fi í síbì kankan ju orí káàdì lọ, orí káàdì náà nìkan ló wà.

2. ÌGBÉSẸ̀ MÉJE TÍ Ó YẸ KÍ A TẸ̀ LÉ

Èkíní: Ẹ ti káàdì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì SD ńlá, ohun kékeré kan wà tí a lè fi ìka tì sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti tì í, kọ̀ǹpútà kò ní lè pa ohunkóhun rẹ́ lórí rẹ̀. Káàdì kékeré ti fóònù kò ní irú rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú tiwọn.

Èkejì: Ẹ ṣí fóldà tuntun sórí háàdì dísíìkì kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́fítíwíà rárá. Ẹ fi déètì sọ ọ́ lórúkọ, kí ọdún ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn, lẹ́yìn náà orúkọ òde. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa to iṣẹ́ yín tẹ̀ léra láti ọdún dé ọdún. Nínú fóldà náà, ẹ ya ti kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ti ohùn náà dá wà.

Ẹ̀kẹta: Ẹ da gbogbo ohun tó wà lórí káàdì kọ, pátápátá, pẹ̀lú gbogbo fóldà inú rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣa fídíò nìkan. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ń lo ìlànà AVCHD, tí Sony àti Panasonic gbé jáde ní ọdún 2006, máa ń gé fídíò gígùn sí wẹ́wẹ́. Àwọn fóldà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Káàdì tí a tò ní ìlànà FAT32 kò tilẹ̀ lè gba fáìlì kan tó kọjá 4 gígábáìtì, ìdí nìyẹn tí wáàsí wákàtí kan fi lè di fáìlì mélòó kan. Ẹni tó bá ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan lè gbàgbé ọ̀kan, tàbí kí ọ̀rọ̀ fò díẹ̀ níbi tí wọ́n ti so pọ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ ṣe ìbáramu. Bí akáǹtáǹtì ṣe máa ń gbé ìwé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́, ẹ gbé káàdì àti fóldà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fáìlì mélòó ló wà lórí káàdì? Mélòó ló dé orí dísíìkì? Ṣé ìwọ̀n wọn dọ́gba? Nínú DaVinci Resolve, tó ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ohun èlò kan wà ní ojú ewé Media tó ń jẹ́ Clone Tool. Ó máa ń da káàdì kọ, á sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ bóyá ẹ̀dà bá ojúlówó mu. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì àkọ́kọ́, ọ̀kan láàrin, àti èyí tó kẹ́yìn. Ẹ wò ó, ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì sórí dísíìkì mìíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀dà pé mẹ́ta, kó wà lórí oríṣi nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Iná tó bá jó ilé kì í yan dísíìkì tí yóò jó.

Ẹ̀kẹfà: Ìgbà yìí ni kí ẹ wá ṣí sọ́fítíwíà, kí ẹ tẹ “Import”. Láti inú fóldà tó wà lórí dísíìkì ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe láti orí káàdì. Ẹ yọ káàdì kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo fídíò bá ṣì ń ṣí láìsí káàdì, ẹ mọ̀ pé ọjà wà nílé.

Èkeje: Ẹ má pa káàdì rẹ́ àyàfi tí ẹ̀dà méjì bá ti dúró ṣinṣin. Èyí tó dára jù ni kí oníbàárà gba iṣẹ́ rẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, inú kámẹ́rà ni kí ẹ ti ṣe é, kí kámẹ́rà lè tò ó bó ṣe fẹ́.

Bí àṣìṣe bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ya ohunkóhun lé káàdì náà mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kámẹ́rà kíákíá. Bí a bá kàn pa á rẹ́, sọ́fítíwíà wà tó sábà máa ń lè ṣa ohun tó wà níbẹ̀ padà. Ohun tuntun tí a bá yà lé e lórí ló ń sọ ọ́ di àgbàkò.

3. ẸSẸ̀ ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí iṣẹ́ mi. Kámẹ́rà tó ń kọ 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń kọ mẹ́gábáìtì 12.5, nítorí bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan. Ní wákàtí kan, ó di gígábáìtì 45. Òde wákàtí mẹ́ta jẹ́ 135. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ méjì, 270 ni. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà méjì gẹ́gẹ́ bí mo ti wí, 540 gígábáìtì ni òde kan ṣoṣo yóò gbà.

Ẹ wo àkókò náà. Bí ohun tí ẹ fi ń ka káàdì bá jẹ́ USB 2.0 àtijọ́ tó ń gbé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 135 yẹn yóò gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá jẹ́ USB 3.0, tí káàdì fúnra rẹ̀ sì yára tó mẹ́gábáìtì 90, ìṣẹ́jú 25 péré ni. Ẹ̀yin tí oorun ń kùn nígbà tí ẹ bá ti òde dé, ẹ rí ìdí tí ẹ̀rọ kékeré yẹn fi tó ohun tí à ń ná owó lé.

Owó dísíìkì àti wákàtí ìdàkọ, ara iye owó iṣẹ́ ni. Ẹ kà á mọ́ owó tí ẹ máa pè fún oníbàárà. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn iye oṣù tí ẹ ó fi pa fídíò rẹ̀ mọ́, kí ó má baà jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ni yóò wá béèrè.

4. KÁMẸ́RÀ ILÉ, FÓÒNÙ ÒKÈÈRÈ

Nǹkan mìíràn wà tó ń da òde wa rú. Ìlànà tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà, Bìrìtìkó àti Saudi jẹ́ àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà sún mọ́ 30. Fóònù púpọ̀ ń ya 30, ibi yòówù kí a ti rà á. Nítorí náà, kámẹ́rà tí ẹ̀gbọ́n gbé wá láti London àti fóònù àbúrò lè wà níbi yìgì kan náà kí ìṣirò wọn má bára mu.

Kí ẹ tó kó fídíò wọlé, ẹ pinnu èyí tí iṣẹ́ náà yóò dúró lé. Kámẹ́rà tó ya èyí tó pọ̀ jù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nínú DaVinci Resolve, bí fídíò bá ti wọ inú iṣẹ́, kò ní gbà kí ẹ yí iye yìí padà mọ́ nínú ètò iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá ṣe é ṣáájú lè ní láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fóònù tún ní ìwà kan: iye àwòrán tó ń yà máa ń lọ sókè sódò bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yí padà. Nínú sọ́fítíwíà mìíràn, èyí lè mú kí ohùn kúrò lára ẹnu, kí àfáà ti parí àdúà kí ètè rẹ̀ ṣì máa mì. HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè sọ fídíò bẹ́ẹ̀ di oníye kan ṣoṣo bí ẹ bá yan “Constant Framerate”. Ẹ̀dà ni kí ẹ lò fún un, kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀.

5. KÁSẸ́Ẹ̀TÌ TÓ WÀ LÁBẸ́ IBÙSÙN

Ẹ̀yin tó gbé Al-Ruwais mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti ìparí ọdún 2021 wọ ọdún 2022 ni wọ́n wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò àtijọ́ ní Jeddah láti tún ìlú ṣe, Al-Ruwais sì wà lára wọn. Ọ̀nà tóóró tí àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, àjà ilé tí a ti ń se ìrẹsì òde, a kò lè mú ọmọ lọ wò ó mọ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù síbì kan, inú kásẹ́ẹ̀tì tí a yà láàrin ọdún 1990 sí 2010 ló wà.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́, ẹ̀rọ tó ń lò ó náà sì ń tán lọ. Bí kásẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ MiniDV, irú èyí tó jáde ní ọdún 1995, ojúlówó fídíò oní-nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀. Wáyà FireWire, tí Sony ń pè ní i.LINK, ni kí ẹ fi so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò ṣeé dà kọ kíákíá bíi káàdì: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, wákàtí kan ni yóò fi yí, yóò sì gba nǹkan bíi gígábáìtì 13. Ẹ jókòó tì í. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní ojú FireWire, ẹ má tà á, nítorí pé macOS Tahoe tí Apple gbé jáde ní ọdún 2025 kò gba FireWire mọ́.

VHS àti Hi8 yàtọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ wọ́n di oní-nọ́ńbà la fi ń so wọ́n mọ́ ojú USB. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sì máa ń jẹ́ NTSC, tiwa jẹ́ PAL, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń gbé e gba méjèèjì.

6. ÀṢÍRÍ OBÌNRIN, ÀṢÍRÍ ÒDE

Ìkìlọ̀ kan rèé. Nílùú tí a wà yìí, apá àwọn obìnrin níbi ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí gbogbo ojú ń rí. Òfin tí Saudi ṣe ní ọdún 2007 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ka lílo fóònù oníkámẹ́rà láti tú àṣírí ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí owó ìtanràn tó tó 500,000 ríyàlì, tàbí méjèèjì. Bí ẹ bá ń kó fídíò wọlé, ẹ ya ti obìnrin sí dísíìkì tirẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní káàdì tí ẹ kò tíì pa rẹ́. Ẹ̀dà púpọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí mo ti ń bọ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí títí di òní, ó sì ti mókè. Dísíìkì mẹ́ta ló máa ń gbé kiri. Nígbà tí àbúrò mi bí ọmọ kejì, òun náà ni a pè, kò gba owó lọ́wọ́ wa. Lálẹ́ ọjọ́ súná náà, mo jókòó tì í títí ó fi ka fáìlì rẹ̀ tán, tí ti káàdì àti ti dísíìkì dọ́gba. Oríkì tí a rí kì lọ́jọ́ náà kò tó ìdajì ti Ìyá. Èyí tí a rí kì ọ̀hún, ẹ̀dà mẹ́ta ló wà.

Bí àgbàlagbà kan bá ṣì wà nílé yín tó mọ oríkì ìdílé, ẹ pe kámẹ́rà sí i lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ sì tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ṣe ìbáramu. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí, a ó sì fojú rí ọmọ ọmọ wa tí yóò máa wò ó. Ó dìgbà kan ná.